Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kọ̀ǹpútà àti Ìṣọ́ra Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí ilé ìwé bá ra ẹ̀rọ tàbí tí iná bá dé. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ní láti mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni, ohun tí a bá ní kó ṣe gan-an ni yóò ṣe, èyí kò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti fi kọ́ ọ.

Ẹ gbé gàárì, abọ́, ṣíbí àti omi wá sí kíláàsì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀yin ni kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa pàṣẹ fún yín títí ẹ ó fi mu gàárì. Bí ọmọ kan bá ní, “Ẹ da gàárì,” ẹ dà á sórí tábìlì, nítorí kò sọ ibi tí ẹ ó dà á sí. Bí òmíràn bá ní kí ẹ bu omi sí i, ẹ máa bù ú lọ títí abọ́ yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Wọn yóò rẹ́rìn-ín gidigidi (kí àkísà wà nítòsí), ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa tún àṣẹ wọn ṣe: “Ẹ bu ṣíbí mẹ́ta sínú abọ́. Ẹ dúró.” Ẹ kọ àwọn àṣẹ náà sójú pátákó, ẹ nu ọ̀kan kúrò, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni yóò bàjẹ́.

Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá wà, ScratchJr, áàpù tí ọmọ fi ń to àṣẹ pọ̀ kí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ lè máa rìn, ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 2014 ni ó jáde fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7. Àwòrán ni àwọn àṣẹ inú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè lò ó, kì í sì í béèrè dátà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ti ìṣọ́ra ló le jù fún wa, nítorí ilé ti kọ́ ọmọ pé bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ó dáhùn, ẹni tó bá sì fẹ́ tan ọmọ jẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fara hàn bí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, kíka òfin sí wọn létí kò tó. A ní láti fi èsì tó ní ọ̀wọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ mú fóònù tí ẹ ti pa, kí ẹ ṣe bí àjèjì: “Èmi ni ọ̀rẹ́ dádì rẹ. Ilé ìwé wo lò ń lọ?” Kí ọmọ fèsì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi mọ́mì mi,” kí ó sì gbé fóònù náà fún àgbà tó wà nítòsí. Ẹ tún béèrè àdúgbò rẹ̀, àti nọ́ńbà ìjẹ́rìísí (kóòdù) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mọ́mì, nítorí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni olè fi ń gba WhatsApp mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi báàjì tó wà láyà yúnífọ́ọ̀mù wọn hàn wọ́n, kí wọ́n rí i pé fọ́tò kan ṣoṣo ti sọ ibi tí wọ́n máa ń wà láago mẹ́jọ àárọ̀.

Ní ìpàdé àwọn òbí, ẹ rán wọn létí pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí àkáǹtì Facebook, Instagram tàbí TikTok tirẹ̀. Fóònù ìyá rẹ̀ ni ó sì ń lò lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ìlérí kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn: ọmọ tó bá rí ohun burúkú tó sì wá sọ ọ́, wọn kò gbọdọ̀ nà án. Ẹni tó gba ìgbátí lórí èyí kò ní sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí ọmọ da ojú fóònù dé, kí ó pe àgbà. Kí àgbà sì kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ṣeun, kí ó tó yẹ ohun tó wà níbẹ̀ wò.