Bí A Ṣe Ń Gba Páténtì fún Ìhùmọ̀ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá ní Orílẹ̀-èdè Púpọ̀

Páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùhùmọ̀ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ lílo ìhùmọ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé. Èyí tí Amẹ́ríkà bá fún yín kò lágbára ní Jàpáànù, èyí tí Jàpáànù bá sì fún yín kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Jámánì. Nítorí náà, kí ẹni tó ní ìhùmọ̀ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá tó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó yẹ kó mọ̀ pé ìwé ìbéèrè kan náà ni yóò lọ dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò tí òfin wọn kò dọ́gba. Lójú tèmi, inú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà, torí pé ìmọ̀ tí ẹ kò bá kọ sínú rẹ̀, ẹ kò ní lè fi kún un mọ́ láìpàdánù ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì páténtì.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pa ẹnu mọ́. Ní Yúróòpù, ohun tí aráyé bá ti rí ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e síta. Amẹ́ríkà àti Jàpáànù ń yọ̀ǹda ọdún kan fún olùhùmọ̀ tó ti tú àṣírí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbára lé ọdún yẹn ti pàdánù Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá a máa kánjú gbé àpilẹ̀kọ wọn sórí ìkànnì ìwádìí arXiv tàbí kóòdù wọn sórí ìkànnì GitHub, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹ jẹ́ kí ìwé páténtì ṣáájú, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè pé ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ wo ni ìhùmọ̀ náà yanjú. Àdéhùn Páténtì Yúróòpù kò ka ìṣirò lásán tàbí ètò kọ̀ǹpútà lásán sí ìhùmọ̀, abala 3(k) nínú òfin Íńdíà sì sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nípa algorithm, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá ẹjọ́ Alice ní ọdún 2014, èrò lásán tí a kàn gbé sórí kọ̀ǹpútà kì í gba páténtì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Recentive àti Fox, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún là á mọ́lẹ̀ pé mímú machine learning (fífi dátà kọ́ kọ̀ǹpútà) tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ lọ sórí irú dátà mìíràn kò tó, bí olùbéèrè kò bá mú machine learning fúnra rẹ̀ dára sí i.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ìhùmọ̀ yín ń fi ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ mọ̀ pé béárìn inú rẹ̀, irin tó ń jẹ́ kó yí geere, fẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá bèèrè ẹ̀tọ́ lórí “ọ̀nà láti fi neural network mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́” (neural network ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ọpọlọ ṣe àwòkọ́ṣe), ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà. Ẹ kọ ọ́ pé sensor tó wà lára ẹ̀rọ ń gba ìgbọ̀nrìrì, pé a pín in sí ìpele-ìpele, pé a kọ́ network náà ní ọ̀nà pàtó kan láti ya ìró béárìn sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo yòókù, àti pé èsì rẹ̀ ló ń dín eré ẹ̀rọ náà kù kí béárìn tó fọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni model yín (ètò tí ẹ fi dátà kọ́) ń lo ìrántí kọ̀ǹpútà tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú ni àlàyé dátà. Ní ọdún 2020, nínú ẹjọ́ T 161/18, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ti ọ́fíìsì páténtì Yúróòpù kọ ìhùmọ̀ kan tó ń fi ìfúnpá ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, torí pé ìwé náà kò sọ dátà tó bá kíkọ́ network rẹ̀ mu. Ẹ sọ ibi tí dátà ti wá, bí ẹ ṣe fi àmì sí i, bí network ṣe tò, àti bí èsì rẹ̀ ṣe dára ju ti ọ̀nà àtijọ́ lọ. Kò pọn dandan kí ẹ kó gbogbo dátà síta, àmọ́ onímọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí ayé mọ̀ rárá, ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣírí òwò, kí ẹ má sì bèèrè páténtì lé e lórí.

Orúkọ èèyàn ni kí ẹ kọ sí ipò olùhùmọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Thaler, kọ orúkọ ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá rẹ̀, DABUS, síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ọ́fíìsì páténtì Yúróòpù kọ̀ ọ́ ní 2021, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023. Gúúsù Áfíríkà fún un ní 2021, ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ kókó ìhùmọ̀ wò níbẹ̀ nígbà náà. Bí ọgbọ́n àtọwọ́dá bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣe.

Ní ti àkókò, àdéhùn Paris ti 1883 fún yín ní oṣù 12 láti fi ìwé àkọ́kọ́ bèèrè ẹ̀tọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Nínú oṣù 12 yẹn, ẹ lè gba ọ̀nà PCT, àdéhùn tó jẹ́ kí ìbéèrè kan ṣojú fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí WIPO, àjọ ohun-ìní ọpọlọ àgbáyé ní Geneva, ń bójú tó: ẹ ó rí ìròyìn ìwádìí gbà, wọn yóò tẹ ìwé yín jáde lẹ́yìn oṣù 18, ẹ ó sì ní tó oṣù 30 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 31 ní Yúróòpù (ọjọ́ ìwé àkọ́kọ́ ni a ti ń kà á), kí owó ńlá ìtumọ̀ àti ti agbẹjọ́rò tó dé. Ẹ ṣọ́ra o: ìhùmọ̀ tí wọ́n ṣe parí ní Ṣáínà tàbí ní Amẹ́ríkà nílò ìyọ̀ǹda ìjọba kí ẹ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sókè òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń gbé Íńdíà, àfi bó bá fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ibi tí àwọn abánidíje yín ń ta ọjà tàbí tí wọ́n ń ṣe é ni kí ẹ yàn, nítorí owó ìsọdọ̀tun wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè títí ọdún 20 yóò fi pé. Bí ẹ bá ti yàn wọ́n, ẹ fi ara ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí agbẹjọ́rò ibẹ̀ sì gé gbólóhùn ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí páténtì dáàbò bò, bá òfin ilé wọn mu.