Ọwọ́ Ló Ń Kú, Ọrùn Ni Wọ́n Ń Tọ́jú

Owó tí mo ná sórí ọrùn tí kò ṣàìsàn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń kú lóru. Màá jí, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín á máa ṣe mí bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un, àfi kí n gbọn ọwọ́ náà dáadáa. Dókítà ní ọrùn ni. Mo ya ẹ́síréè, mo lo oògùn ìrora, wọ́n fa ọrùn mi títí. Ìka ṣì ń kú.

Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé ìka wo gan-an ló ń kú. Ìbéèrè ọ̀fẹ́ ni! Ìka kékeré mi kò kú rí, torí iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀ kì í gba inú ihò tóóró tó wà ní ọrùn ọwọ́. Èyí tó ń gba ibẹ̀ ló ń lọ sí àtàǹpàkò, ìka méjì tó tẹ̀ lé e àti ìdajì ìka òrùka. Òun àti iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka ni wọ́n jọ há síbẹ̀, eegun lábẹ́, awọ líle lókè. Bí ibẹ̀ bá wú díẹ̀, òun ló ń jìyà.

Mo ní kí wọ́n kọ̀wé fún mi sí oníṣẹ́ abẹ ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tó dá lọ́wọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n tún kọ oògùn. Ni mo bá ya ọwọ́ mi sórí ìwé, mo kun gbogbo ibi tó ń kú, mo gbé e síwájú wọn. Àwòrán yẹn ló gba ìwé fún mi, inú mi sì dùn sí i gidi.

Oníṣẹ́ abẹ náà wò ó, ó ní kí n ká ọrùn ọwọ́ mi sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Kò tíì pé tí ìka fi kú. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ wo iṣan náà, ọrùn ọwọ́ ni iná náà ti ń falẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wo àtọ̀gbẹ pẹ̀lú, torí ó lè fà á. Ìdè tó ń mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ lóru kò tó mọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyẹn kò le rárá.

Mo ti ń sùn báyìí. Àmọ́ ẹran ìdí àtàǹpàkò mi ti joro kí wọ́n tó gbọ́ tèmi, n kò sì tíì lè fi ìka fún nǹkan le bíi tẹ́lẹ̀. Bí tiyín bá ti ń joro, ẹ má gba oògùn ìrora mìíràn. Ìwé sí oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ ni kí ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an.