Bí Ìlú Tí Arìnrìn-àjò Afẹ́ Ń Ya Wọ̀ Ṣe Lè Bá Ilé Iṣẹ́ Iná Mànàmáná Jókòó Àdéhùn

Ìlú kékeré ni Ìkógòsì-Èkìtì, ṣùgbọ́n omi méjì ti sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá: omi gbígbóná tó ń ru jáde láti inú ilẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti omi tútù tó ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, tí àwọn méjèèjì sì pàdé. Bí a bá gba ẹ̀yìn òkè kọjá, a ó kan Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí omi Olúmìrìn ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn òkè Ìdànrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Nígbà Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá, ohun kan náà ni ó máa ń dojú kọ irú ìlú báwọ̀nyí: ọkọ̀ àlejò á kún ojú títì, ilé ìtura á kún, ẹ̀rọ amúlétutù á máa ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, iná tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Àwọn ará ìlú ló dá owó jọ ra tiransifọ́mà. Bí ó bá jó nígbà tí èrò pọ̀, àwọn náà ni wọ́n á tún pè pé kí wọ́n dá owó. Èmi kò gbà pé ẹ̀bi àlejò ni, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ẹ̀bi ilé iṣẹ́ apínná. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìlú tí ó bá lọ sí ìpàdé láìní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yóò gba ìlérí bọ̀ wálé, ìlérí kì í sì í tan gílóòbù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń múra ìjókòó náà sílẹ̀.

Ẹ ka iná tí ẹ ń lò kí ẹ tó kọ lẹ́tà

Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ wáyà, kí wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí ó ń lo iná sílẹ̀. Ilé tí ó ní gílóòbù mélòó kan, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kékeré kan lè gba nǹkan bíi 400 wáàtì nígbà tí wọ́n bá tan gbogbo wọn pa pọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń tu yàrá kékeré, ń fẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì kan, ìyẹn 1,000 wáàtì. Èyí túmọ̀ sí pé ilé ìtura oníyàrá 20 tí ó tan ẹ̀rọ gbogbo yàrá rẹ̀ ń gba 20 kílówáàtì, iye tí 50 ilé nínú ìlú ń lò, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka ẹ̀rọ tó ń fa omi, fíríìsà ilé ìdáná àti èyí tó ń gbóná omi ìwẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ níwájú ẹnjiníà ilé iṣẹ́ iná yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ẹ̀bẹ̀, ó di ti iṣẹ́.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sí ara tiransifọ́mà. Bí ó bá jẹ́ 300 kVA, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ agbára tiransifọ́mà, ẹ má ṣe rò pé yóò gbé 300 kílówáàtì. Nǹkan bíi 240 ni ó bọ́gbọ́n mu láti gbé lé e, kí a sì má ṣe gbé e dé góńgó náà lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ kejì gba sùúrù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìlú máa ń fò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kìíní, kí ẹnì kan máa kọ wákàtí tí iná dé, wákàtí tí ó lọ, àti ọjọ́ tí fíúsì jó sínú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ rọ àwọn onílé ìtura kí wọ́n fún yín ní iye àlejò tó sùn lọ́dọ̀ wọn lálaalẹ́, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Bí a bá tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó mọ̀ bóyá èrò ni ó ń wọ tiransifọ́mà lọ́rùn tàbí iná kò tilẹ̀ wá láti òkè. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, oògùn wọn kò sì jọra.

Àwọn tí ó yẹ kí ó jókòó

Kábíyèsí tàbí baálẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ sí i pé kí ìpàdé wáyé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò buwọ́ lu ìwé. Bí ohun kan bá wọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ta ni yóò bi ọba ní ìbéèrè? Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yan ìgbìmọ̀ tí kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ. Kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tí ń ta ẹja yìnyín ni iná tí ó lọ fún ọjọ́ méjì máa ń kọ́kọ́ pa lówó. Kí aṣojú àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kí onílé ìtura wà níbẹ̀, kí ẹni tí ń bójú tó omi tàbí òkè tí àlejò ń wá wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àgbẹ̀ tí wáyà gba oko rẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ àtìpó. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ onílé ìtura nítorí pé ìlú mìíràn máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀tá. Òun ló ń ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá lóru, ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣe tán láti san ju bí ẹ ti rò lọ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó náà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ múra láti gbọ́ ti ilé iṣẹ́ iná: àwọn tí ń já wáyà fi fa iná láìní mítà, gbèsè tí adúgbò kan jẹ, àti pé iye iná tí wọ́n ń pín kò ju èyí tí wọ́n rí gbà lọ. Kí ìlú kọ́kọ́ tún ilé tirẹ̀ ṣe níbi tí ó bá ti jẹ̀bi, kí ẹnu rẹ̀ lè gbà á nígbà tí ó bá kan ti ẹlòmíràn.

Ohun tí ẹ ó béèrè

Ẹ béèrè ìpele tí wọ́n kọ ìlú yín sí. Ìpele márùn-ún ni iná pín sí: àwọn tó wà ní ìpele A yẹ kí ó ní iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún ìpele A lọ láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225. Onílé ìtura lè fẹ́ ìpele A. Opó tí ń gbé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kò lè san án. Bí àwọn méjèèjì bá wà lórí wáyà kan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gbogbo ìlú lọ sí ìpele gíga nítorí àlejò. Ẹ bèèrè pé kí ilé ìtura ńlá ní tiransifọ́mà tirẹ̀ àti mítà tirẹ̀, kí ti ìlú dá dúró. Èmi rí èyí gẹ́gẹ́ bí kókó gbogbo àdéhùn náà. Bí ẹ kò bá rí ohun mìíràn gbà ní ọjọ́ náà, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba èyí.

Ní ti rírà tiransifọ́mà, ìlànà NERC, àjọ tí ń ṣàbójútó iná ní orílẹ̀-èdè yìí, ni pé kí ìlú tí ó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ apínná kọ ìwé àdéhùn lórí bí owó náà yóò ṣe padà. Ẹ má ṣe dá kọ́bọ̀ kí ìwé yẹn tó wà. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná tuntun ti jáde ní 2023, àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lè máa ṣàkóso iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tí NERC kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 2024. Fún ìdí èyí, kí ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó iná, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gbà á.

Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ iná oòrùn ni ó wá bá yín, tí ó fẹ́ kọ́ ibùdó kékeré kan fún abúlé tí òpó ìjọba kò dé, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Gbamugbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní irú rẹ̀ láti 2018. Òfin gba ilé iṣẹ́ náà láàyè láti bá ìlú fẹnu kò lórí owó iná bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí yóò lò ó bá fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè bí bátìrì ṣe tóbi tó, kí ẹ sì fi iye èrò ọdún Kérésì hàn wọ́n. Bátìrì tí wọ́n wọ̀n fún abúlé tí kò ní àlejò yóò ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ tí yàrá ìtura bá kún.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ tàbí la oko

Ibí ni mo fẹ́ kí ìlú ti fara balẹ̀ jù lọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí ooru tó wà lábẹ́ Ìkógòsì. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wá lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ fi ooru náà ṣe iná, kí ìlú rántí New Zealand. Ní Wairakei, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru ilẹ̀ pèsè iná ní 1958. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn orísun tó ń tu omi gbígbóná sókè ní àfonífojì itòsí rẹ̀, èyí tí àlejò ti ń wá wò tipẹ́, dákẹ́. Ní Rotorua, kànga gbígbóná tí àwọn ènìyàn gbẹ́ pọ̀ débi pé Pohutu, omi gbígbóná tó ń tu sókè lórí ilẹ̀ àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ní 1986 ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo kànga tó wà láàárín kìlómítà kan àtààbọ̀ sí i pa, omi náà sì tún sọjí. Nítorí náà, kí ìwọ̀n ooru omi àti bí ó ṣe ń yára ṣàn wà ní àkọsílẹ̀ fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò kankan, kí ó sì wà nínú àdéhùn pé iṣẹ́ yóò dúró bí omi bá yí padà.

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 fi dandan lé e pé kí iṣẹ́ ńlá ní ìwé àyẹ̀wò, wọ́n sì máa ń gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn. Ẹ rán ẹni tí yóò kà á lọ. Kí àwọn àgbẹ̀ tí wáyà yóò gba oko wọn ka igi kòkó wọn, kí wọ́n sì ya àwòrán wọn tòun ti ọjọ́, nítorí pé irè oko àti ohun tí ènìyàn gbìn ni wọ́n sábà ń san owó rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná, tí kì í ṣe èyí tí ń pín in, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ní 2024 sọ pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá gbọ́dọ̀ lọ sí ìdàgbàsókè ìlú tí ó gbà á lálejò.

Kí wọ́n kọ àdéhùn náà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kà á sókè ní gbangba kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Kí orúkọ ipò ẹni tí a ó pè nígbà tí iná bá bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe, kí ọjọ́ náà sì kúrú sí i ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri ààfin àti ọjà. Kí ìgbìmọ̀ àti ilé iṣẹ́ náà jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní oṣù kẹwàá, kí wọ́n yẹ tiransifọ́mà àti wáyà wò kí èrò tó dé, àti ní oṣù kejì, nígbà tí èrò bá ti lọ, kí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iná síwájú ara wọn kí wọ́n sì kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́.