Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ìgbà táwọn èèyàn yín wọ Badagry

Ẹ̀yin ará Badagry, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sọ pé ibí la ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti àgbàlagbà kan nínú ilé yín fún wákàtí kan péré, ẹ máa gbọ́ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ẹ máa gbọ́ Kútọnu, ẹ máa gbọ́ Gáná, ẹlòmíì á gbọ́ Sàró, ìyẹn Sierra Leone, àbí Bàhíà ní Brazil. Ìlú etí omi ni wá, bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ò sì jìnnà, kò sígbà táwọn èèyàn ò wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń bá àwọn aládùúgbò wa ní Ajara wá ìtàn ilé wọn, tiwa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé wọn ò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà-ìgbà ni, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní nǹkan tó lé wọn wá. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìgbà tó jẹ́ tiyín, ìyókù ò ní le mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Orúkọ ìdílé, orúkọ agboolé, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá àgbà ládùúgbò. Da Silva, Pereira, da Rocha, Cardoso, Gomez, àwọn yẹn sábà máa ń jẹ́ Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì rí ọ̀nà padà. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́yìn ọdún 1835 táwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tó wà lóko ẹrú dìde ogun ní Bàhíà, tí ìjọba ibẹ̀ wá gbé ìnira lé orí àwọn tó ti gba òmìnira pàápàá, wọ́n sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí kọjá 1888 tí Brazil fòfin parí ẹrú. Tó bá jẹ́ Cole, Macaulay, Davies, Williams, ẹ wo ọ̀nà Sàró. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló já àwọn yẹn gbà lórí òkun lẹ́yìn òfin 1807, wọ́n já wọn sílẹ̀ ní Freetown, nígbà tó sì fi máa tó 1839 àwọn kan ti ń wọkọ̀ padà wálé, Badagry yìí ni wọ́n ń sọ̀ sí kí wọ́n tó gba Abẹ́òkúta lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Gbogbo wa la mọ igi Agia tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ ẹ̀ ní 1842, gbogbo wa la sì ń mú àlejò lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1845 ní Marina níbí. Ṣùgbọ́n àwọn Sàró tó ti dé ṣáájú ló ń ránṣẹ́ sí Freetown pé káwọn míṣọ́nnárì máa bọ̀. Samuel Ajayi Crowther náà, Sàró bíi tiwọn, ibí ló ti sọ̀ kalẹ̀ ní January 1845, ọdún kejì ló tó rí ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Torí náà tí wọ́n bá ní òyìnbó ló mú ọ̀làjú wá, ẹ fi kún un pé ọmọ wa tó ń padà bọ̀ wálé ló lànà fún wọn.

Orúkọ nìkan ò tó ṣá o. Ẹlòmíì gba orúkọ pásítọ̀ tó ṣèrìbọmi fún un, ẹlòmíì gba orúkọ ọ̀gá. Ilé kan wà nítòsí wa tó ń jẹ́ orúkọ Potogí, àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń sọ káàkiri pé Brazil làwọn ti wá, àṣé bàbá bàbá wọn ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àgùdà kan l'Ékòó ni.

Ẹ má sì fojú di ìnagijẹ. Ìyá ìyá mi, gbogbo Ajara ló ń pè é ní Ìyá Kúmásì, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò béèrè rí pé Kúmásì wo. Tó bá ń ta gàrí, Yorùbá ló máa fi bá oníbàárà nájà, àmọ́ tó bá ti ki kóńgò bọnú gàrí, á máa kà á wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́nu, «baako, mmienu, mmiensa, nnan», a rò pé àdúrà ló ń gbà sí ọjà. Mo ti dàgbà kí n tó jókòó ti ọmọ Gáná kan nínú mọ́tò tó ń ka owó ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ni orí mi bá wú.

Tó bá wá kan ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Mo délé mo kọjú sí i, mo ní, «Màámi, ọdún wo lẹ wọ Nàìjíríà?» Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, «Ṣé Ímígiréṣọ̀n ló rán ẹ ni?» Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún dárúkọ Gáná létí mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló yé mi, irú ìbéèrè tí wọ́n fi lé e jáde ní Kúmásì nìyẹn. Ní November 1969 ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àlejò tí ò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde, àwọn Yorùbá oníṣòwò tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń pè é ní Gold Coast, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, ni wọ́n ń ta ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń wá lọ́rì. «Ìwé ẹ dà?» ni ọlọ́pàá ń bi wọ́n. Èmi náà sì wá ń bi í ní nǹkan kan náà nínú yàrá ẹ̀.

Ohun tó là á lẹ́nu ni ìgbà tí mo bi í pé, «Màámi, kí lẹ gbé sórí nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀?» Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Orí ẹ̀rọ nìkan, ó ní ẹsẹ̀ irin ẹ̀ ò lè wọnú lọ́rì, ó fi í sílẹ̀ lójúde, ó sì fi ìró wé orí ẹ̀rọ yẹn bí ọmọ tuntun. Ọjọ́ yẹn ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Torí náà ẹ bi wọ́n ní ẹrù, ẹ bi wọ́n ní oúnjẹ ojú ọ̀nà, ẹni tó gbà wọ́n sílé lálẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó tan fóònù láti gbohùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbé e sápò kẹ́ ẹ máa fetí sílẹ̀.

Ọdún ò ní nira láti mọ̀ tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tí gbogbo èèyàn rántí wọ̀n ọ́n. Ṣé owó pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ná nígbà tí wọ́n dé ni àbí náírà? January 1973 ni náírà dé. Ṣé apá òsì ni mọ́tò ń gbà? April 1972 la bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣé ogun Bìáfíra ti parí, ṣé àjọ̀dún àṣà FESTAC ti kọjá, ìyẹn 1977? Tẹ́ ẹ bá sì rí bébà tó kọ Gold Coast, ó ti wà ṣáájú March 1957, tó bá kọ Dahomey, ó ti wà kí ọdún 1975 tó parí tí wọ́n yí i padà sí Benin, tó bá jẹ́ Upper Volta, tí wọ́n ń pè ní Burkina Faso báyìí, kò kọjá 1984.

Ẹni tó bá ní 1983 lòun wá tàbí lòun lọ, ẹ ṣe sùúrù fún un gan-an. Owó epo rọ̀bì ti pe àwọn ọmọ Gáná, Tógò, Benin, Niger, Chad wá síbí láti bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n ń kọ́lé fún wa, wọ́n ń kọ́ ọmọ wa níléèwé, ìgbà tí owó epo wálẹ̀ ni ìjọba Shagari kéde ní 17 January pé kí ẹni tí ò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn ni wọ́n lé, bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn ọmọ Gáná. Gáná sì ti ti bọ́dà ẹ̀ pẹ̀lú Tógò pa, Tógò àti Benin náà bá ti tiwọn, gbogbo èrò wá há sójú ọ̀nà wa níbí. Ibẹ̀ ni báàgì Ghana Must Go ti gba orúkọ. Ní 1985 wọ́n tún lé àwọn mìíràn. Àwọn kan ò lọ o, wọ́n fara pamọ́ sílé ọ̀rẹ́, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n fẹ́yàwó síbí, àwọn ọmọ wọn ló wà láàárín wa yìí, òmíì ò sì mọ̀. Tẹ́ni náà bá ní òun ò sọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin Ègùn, tiyín yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ yín sínú ìwé pé àlejò ni yín torí pé ẹ ní ẹbí l'Àjàṣẹ́. Ní August 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n fa ìlà gba àárín agboolé kọjá, bàbá di ti Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò ẹ̀ di ti Faransé. Bọ́dà ló wá bá àwọn yẹn nílé. Tẹ́ ẹ bá ń wá ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wọ mọ́tò lọ sí òdìkejì, torí ìdajì ìtàn náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi Faransé àti Ègùn sọ.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ ṣí àpótí. Ẹ yí fọ́tò àtijọ́ padà wo ẹ̀yìn ẹ̀, fọ́tọgíráfà ayé ijọ́un máa ń tẹ òǹtẹ̀ tó ní orúkọ ìlú sí i. Ẹ lọ sí ibojì, ẹ ka ohun tó wà lára òkúta. Ẹ bẹ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kó jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀. National Archives wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ìjọba amúnisìn tó kan Badagry wà níbẹ̀, ẹ mú lẹ́tà àti ìwé ìdánimọ̀ dání. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà Sàró, ẹ lọ sórí SlaveVoyages lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó orúkọ èèyàn tó lé ní 90,000 tí wọ́n gbà lára ọkọ̀ ẹrú síbẹ̀, a sì máa ń rí orúkọ Yorùbá níbẹ̀ bí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ tó kọ ọ́, torí náà ẹ pè é síta kẹ́ ẹ tó ní kò sí.

Àwọn tó ń wọlé lónìí ńkọ́? Ọmọ Kútọnu tó ń lẹ táìsì, ìyá Àgànyìn tó ń ta ẹ̀wà, ọmọbìnrin Tógò tó ń bá wọn tọ́mọ. Wọ́n ń wọlé lórí àdéhùn ECOWAS ti 1979, àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, kí wọ́n ṣáà ní ìwé ìrìnnà tó péye. Tẹ́ ẹ bá gbà wọ́n sílé, ẹ sọ fún wọn pé tí ọjọ́ yẹn bá fẹ́ pé, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ímígiréṣọ̀n gba ìwé ìgbélùú, kí wọ́n sì tọ́jú bébà tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ sí ní Sẹ̀mẹ̀. Ọdún 2019 tí wọ́n ti bọ́dà pa títí di December 2020, a rí ojú àwọn tí ò lè lọ sin òkú bàbá wọn. Tí wọ́n bá bímọ síbí, kí wọ́n lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n gba ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ kíákíá.

Níkẹyìn, ohun yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ mọ́ nǹkan náà lára, ẹ má fi sórí fóònù nìkan. Màámi kú lọ́dún tó kọjá. Orí ẹ̀rọ yẹn wà lórí tábìlì mi, mo ti lẹ bébà mọ́ ìdí ẹ̀: Kúmásì, December 1969, orí ni wọ́n fi gbé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lọ́hùn-ún.