Bí mo ṣe fi melatonin rí oorun sùn lásìkò ìmúrasílẹ̀ fún eré kìlómítà 21

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún eré ìlàjì máráfọ́ọ̀nù ti oṣù Ṣẹ́rẹ́, oorun ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Kí n tó délé láago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn á ti ràn yòò. Bí mo bá sá kìlómítà 12 ní Sátidé, ó di Ọjọ́rú kí itan mi tó yé ro mí. Ṣe ni mò ń fọwọ́ di ògiri mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n lo melatonin, ìyẹn oògùn oorun kan, pé ó ń tún iṣan ṣe. Orí àtẹ ni wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà níbí, bí ẹni ta fítámì. Mílígíráàmù 10 ni mo rà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, orí mi wúwo bíi pé mo ru odó, síbẹ̀ mo jáde lọ sáré. Mi ò sá ju kìlómítà mẹ́ta lọ tí mo fi padà sílé.

Apòògùn ló là mí lọ́yẹ. Họ́mọ̀nù tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ni melatonin, láti fi sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Kì í fún ẹsẹ̀ lágbára. Àwọn ìwádìí kan rí i pé ó ń dín àmì ìpalára iṣan kù nínú ẹ̀jẹ̀ eléré ìdárayá, àmọ́ èsì wọn ò bára mu. Èyí tó dájú ni pé inú oorun àsùnwọra ni họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè, tó ń bá ara tún iṣan ṣe, ti ń tú jáde jù, ìmọ́lẹ̀ sì ń lé melatonin sá.

Mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mílígíráàmù 1, inú ilé nìkan ni mo sì ń lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó kí ẹ tó wakọ̀ o! Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ ná. Mo lẹ fọ́ìlì mọ́ gbogbo fèrèsé yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ́ wọlé létí kan, tín-ín-rín bí òwú, mo fi téèpù dí i. Fóònù ń sùn ní ilé ìdáná. Ká sòótọ́, fọ́ìlì yẹn ni mo gbà pé ó ṣiṣẹ́ jù.

Nínú oṣù Bélú, mo sá kìlómítà 16 ní Sátidé. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, mo fọwọ́ méjèèjì gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìfọ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.