Ẹ má tíì dà á nù: bí a ṣe ń mú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti NAFDAC dáhùn lórí ọjà tó ní ìdọ̀tí

Ẹ ṣí agolo mílíìkì, ẹ bá ìdin nínú rẹ̀. Ẹ já ọ̀rá bisikíìtì, ẹ rí ìyẹ́ aáyán. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó pariwo, a ó ya fọ́tò kan, a ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń kú, torí nǹkan tí a dà nù yẹn ni ẹlẹ́rìí wa.

Ẹ má fi ọwọ́ yọ kòkòrò náà, ẹ má sì bu oúnjẹ náà sínú abọ́ mìíràn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà batch, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò ní ṣeé jẹ mọ́. Ẹ yà á kí ó tó wọ fíríìjì o. Yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ batch sára ọ̀rá máa ń pa rẹ́ tí omi bá kán sí i tí ọwọ́ sì fà á. Ẹ ó kàn rí àbàwọ́n dúdú níbi tí nọ́ńbà wà. Ní ti agolo, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní ti ìgò, ẹ wo ọrùn tàbí ìdérí. Nọ́ńbà batch yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Òun ló máa sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà náà àti àwọn páálí tí wọ́n jọ jáde. Tí kò bá sí i, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé àwọn kò mọ èyí tí ẹ ń wí, àjọ ìjọba náà kò sì ní mọ èyí tó yẹ kí wọ́n kó kúrò lọ́jà.

Lẹ́yìn fọ́tò, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé bó ṣe wà, ẹ fi í sínú ọ̀rá mìíràn tó mọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í. Ẹ fi bírò kọ orúkọ yín, ọjọ́ àti aago kí ìkọ̀wé náà ti orí téèpù bọ́ sórí ọ̀rá, kí ó lè hàn tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Nǹkan olómi tàbí ẹran á wọ fíríìjì, ní 4°C tàbí kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídì. Gàárì, nọ́ọ̀dù àti bisikíìtì kò nílò fíríìjì, ibi gbígbẹ tí kòkòrò kò lè dé ni kí ẹ fi wọ́n sí. Tí iná NEPA kò bá sí, ẹ bá ẹni tó ní fíríìsà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Oúnjẹ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru kò ní ẹ̀rí kankan nínú mọ́: ọwọ́ yín ni wọ́n máa ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ wá padà sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á, kí ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta sí i tó ní nọ́ńbà batch kan náà, kí ẹ má ṣí wọn, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa ilé-iṣẹ́ lẹ́nu mọ́ tí wọ́n bá ní inú kíṣìnì yín ni aáyán ti wọlé. Tí ti àkọ́kọ́ kò bá ní rìsíìtì, álẹ́ẹ̀tì báǹkì tàbí ìwé POS náà dára.

Kí ẹ tó kọ ìwé kankan, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC náà nínú Greenbook wọn, ìyẹn àkójọ ọjà tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ti ọjà mìíràn, ayédèrú lẹ fura sí yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀rá lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tí ẹnìkan bá ti jẹ ẹ́ tí inú ń run ún, ọsibítù ló kàn. Tí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ọ̀rá pure water 50cl méjì pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a rẹ́ orí rẹ̀ àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún dókítà ohun tó jẹ àti aago tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ó tó lo oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic). Lẹ́yìn tó bá ti lò ó, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan mọ́. Ẹ gba ìwé dókítà tó ní orúkọ àti ọjọ́, káàdì ọsibítù nìkan kò tó.

Ẹ má sì yára dá oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn lẹ́bi. Májèlé tí kòkòrò àrùn Staphylococcus ń ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 8 lẹ́yìn oúnjẹ. Salmonella lè gba wákàtí 6 títí dé ọjọ́ 6. E. coli O157 sábà máa ń gba ọjọ́ 3 tàbí 4. Ẹni tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó mu yógọ́ọ̀tì, tó wá sọ pé Salmonella inú yógọ́ọ̀tì yẹn ni, lọ́yà ilé-iṣẹ́ á kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn sílẹ̀, àti orúkọ àwọn tó bá a jẹ ẹ́, ìyẹn àwọn tí inú run àti àwọn tí kò run.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí a ó gbé e lọ. Oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, agolo tàbí ìgò, NAFDAC ló ni ín: 0800-162-3322, tàbí ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Owó yín àti ìyà tó jẹ yín, FCCPC ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin wọn ti 2018, abala 136, ní ilé-iṣẹ́ tó ta ọjà alábùkù máa dáhùn fún ohun tí ọjà náà bà jẹ́. Ní Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà wà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà búkà kò kan NAFDAC, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa pè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ búkà lọ NAFDAC, kí ó wá máa retí èsì fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14. Wọ́n á tètè rán ẹnìkan wá. Ó máa ń gbé páálí ọjà kan dání, á ní kí ẹ má bínú, á sì ní kí ẹ fún òun ní èyí tó bàjẹ́ kí àwọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè gba ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní lé e lọ́wọ́. Tí ẹ bá ní méjì, ẹ fún un ní ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà batch àti ọjọ́ sínú ìwé, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ ka ìwé tó bá mú wá dáadáa: tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, páálí bisikíìtì kan ni ẹ ta ẹjọ́ yín yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ àyẹ̀wò tiyín, ẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí ISO 17025, ìyẹn ẹ̀rí pé ilé àyẹ̀wò náà mọ iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ìwé ẹ̀rí náà kan irú àyẹ̀wò tí ẹ fẹ́ ṣe, torí ẹni tó lè yẹ omi wò lè máà lè yẹ májèlé inú ẹ̀pà wò.

Àjọ ìjọba ńkọ́, tí wọ́n bá dákẹ́? Ẹ̀dà ìwé yín ni kí ẹ mú dání lọ, kí wọ́n lu sítáǹpù àti ọjọ́ sí i. Láti ọjọ́ sítáǹpù yẹn lẹ ti ń kà. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí èsì, ẹ lo òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ àjọ ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ohun tí ẹ máa kọ kò ju báyìí lọ:

“Lábẹ́ òfin FOI 2011, mo béèrè fún: ọjọ́ tí ẹ lọ yẹ ilé-iṣẹ́ yìí wò kẹ́yìn kí n tó kọ̀wé ẹ̀sùn mi, àti ohun tí ẹ rí, èsì àyẹ̀wò batch yìí (ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀), bóyá ẹ pàṣẹ kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, àti ọjọ́ tí ẹ pàṣẹ náà.”

Ẹ má kọ “ẹ fún mi ní gbogbo ohun tí ẹ mọ̀.” Wọ́n á fi àròyé dá yín lóhùn. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un tí wọ́n bá kọ̀wé sí yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kọ́ọ̀tù, ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí sì jẹ́ ₦500,000. Ọ́fíìsì SERVICOM tó wà nínú àjọ náà, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa iṣẹ́ ìjọba, kò náni lówó, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ máa ń dá àjọ lẹ́bi nígbà mìíràn. Oníṣòwò kan kó Fanta àti Sprite láti Nàìjíríà lọ Bìrìtéènì ní 2007, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì sọ pé àwọn kẹ́míkà kan nínú wọn ti pọ̀ ju ohun tí òfin ibẹ̀ gbà lọ. Ní February 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní Igbosere pàṣẹ kí NAFDAC mú kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìgò pé kí a má mu wọ́n pọ̀ mọ́ fítámìn C, ó sì ní kí NAFDAC san ₦2,000,000 owó ẹjọ́. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sì fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́, nítorí náà ẹ tètè rí lọ́yà. Kọ́ọ̀tù Small Claims Èkó kì í gbọ́ ju gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò kọjá mílíọ̀nù 5 lọ. Ẹ lè fi gba owó ọjà padà, kò sí ti ìrora inú níbẹ̀.

Ó ku Facebook. Ní September 2023, wọ́n mú obìnrin kan ní Èkó torí ohun tó kọ síbẹ̀ nípa tòmátò alágolo kan, wọ́n fi òfin Cybercrimes, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, lé e lórí. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí, kí ẹ dúró síbẹ̀: “Mo ra èyí ní ọjọ́ báyìí, nọ́ńbà batch rẹ̀ nìyí, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ nìyí, mo ti fi tó NAFDAC létí.” Ẹ má kọ pé wọ́n ń pa èèyàn, àfi tí ìwé àyẹ̀wò bá wà lọ́wọ́ yín.