Bí a ṣe ń pín ilẹ̀ ìṣòwò sí méjì ní Houston: ẹ ka ààyè ọkọ̀ kí ẹ tó fa ìlà

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ra ilẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, lápá Bissonnet tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ilé ìtajà gígùn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà. Gbogbo iwájú rẹ̀ ni wọ́n da ọ̀dà sí fún ọkọ̀ àwọn oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n wo ibẹ̀ títí, kò rí ọjọ́ kan tí ó kún. Ó ní ilẹ̀ ń ṣòfò. Ó wá ẹni tí yóò ra igun iwájú láti fi kọ́ ilé oúnjẹ, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìlú ló tó yé e pé bí igun yẹn bá kúrò, ilé ìtajà tó kù kò ní ní ààyè ọkọ̀ tó iye tí òfin ń béèrè. Owó sọ́fè lọ, owó lọ́yà lọ, ẹni tó fẹ́ ra igun náà sì wá ibòmíràn.

Ó dùn mí, nítorí kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ bí èèyàn bá gba ibi tó yẹ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fa ìlà tán kí wọ́n tó ka ọkọ̀. Ẹ ka ọkọ̀ ná, ìlà á sọ ibi tí òun fẹ́ gbà fún yín.

Ohun tí "Houston kò ní zoning" túmọ̀ sí

Òótọ́ ni pé ìlú yìí kò ní òfin tó ń sọ pé ilé gbígbé nìkan ni àdúgbò yìí, ilé ìtajà nìkan ni tọ̀hún. Ní 1948, 1962 àti 1993, wọ́n gbé e fún àwọn ará ìlú láti dìbò, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Àwọn kan wá gbọ́ èyí, wọ́n rò pé bí ó bá ṣe wu oníkálukú ló lè gé ilẹ̀ rẹ̀. Rárá o. Chapter 42 nínú òfin ìlú ló ń darí bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀, Chapter 26 ló ń darí ìgbọ́kọ̀sí, òfin ìpínlẹ̀ Texas sì tún wà lókè àwọn méjèèjì. Ní Texas, ẹni tó bá fẹ́ pín ilẹ̀ nínú ìlú gbọ́dọ̀ ṣe plat. Plat ni àwòrán ilẹ̀ tó fi ààlà, ìwọ̀n, ọ̀nà àti ibi tí páìpù àti wáyà ń gbà hàn, tí ìlú fọwọ́ sí, tí wọ́n sì fi pamọ́ sí ọ́fíìsì County Clerk, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Nílé, ohun tí à ń bẹ̀rù ni ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Níbí, ìwé tí kò pé ló ń dá èèyàn dúró.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ilẹ̀ yín dé ìsàlẹ̀

Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò bá yín wá gbogbo ohun tó so mọ́ ilẹ̀ náà jáde. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù. Àkọ́kọ́, ṣé wọ́n ti ṣe plat ilẹ̀ náà rí? Bí wọ́n bá ti ṣe é, replat, ìyẹn títún plat náà yà, ni ẹ máa ṣe, ìlànà rẹ̀ sì le díẹ̀ sí i. Èkejì ni deed restrictions, àdéhùn tí àwọn tó kọ́kọ́ pín àdúgbò náà kọ sínú ìwé nípa ohun tí èèyàn lè fi ilẹ̀ ṣe. Nítorí pé zoning kò sí, àdéhùn yìí lágbára gan-an ní Houston, àní ìlú fúnra rẹ̀ lè gbé ẹni tó bá rú u lọ sílé ẹjọ́. Replat kò lè pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta ni báńkì. Bí ẹ bá ṣì jẹ gbèsè lórí ilẹ̀ náà, báńkì ní láti fọwọ́ sí i, ẹ má sì dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan bá parí kí ẹ tó sọ fún wọn.

Ẹ ka ààyè ọkọ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ni ìlú fi ń ṣírò iye ọkọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ilé náà. Fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró, ilé ìtajà ní láti ní ààyè ọkọ̀ 4, ọ́fíìsì 2.5. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe ní 2013, ilé oúnjẹ ń béèrè 10, ilé ọtí 14. Àwọn ilé oúnjẹ kékeré, àti ibi tí wọ́n kàn ń di oúnjẹ fún èèyàn lọ, ní ìṣírò tiwọn tó rọjú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ilé ìtajà yín jẹ́ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró, ààyè 40 ni òfin fẹ́. Ẹ fẹ́ ta iwájú fún ẹni tí yóò kọ́ ilé oúnjẹ 4,000, òun náà nílò 40. Àpapọ̀ jẹ́ 80. Ẹ wá jáde lọ ka ìlà funfun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ibi tí ilé tuntun yóò jókòó sí, ẹ bá 76. Mẹ́rin ló dín.

Kẹ̀kẹ́ lè gbà yín níbẹ̀. Òfin fàyè gba kí ẹ fi ibi ìso kẹ̀kẹ́ mẹ́rin rọ́pò ààyè ọkọ̀ kan, yàtọ̀ sí ibi ìso kẹ̀kẹ́ tí ó ti jẹ́ dandan tẹ́lẹ̀, bí ohun tí ẹ bá yọ kò bá ti ju ìdá mẹ́wàá lọ. Ìdá mẹ́wàá 40 ti ilé oúnjẹ jẹ́ 4. Ibi ìso kẹ̀kẹ́ 16 yóò sọ 40 di 36, àpapọ̀ yín á sì di 76 géérégé. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún kò gba ilẹ̀ tó ààyè ọkọ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ri irin náà mọ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá àpótí ìdọ̀tí. Àwọn tí mo ń rí lórí kẹ̀kẹ́ ní apá ibí yìí, òṣìṣẹ́ ilé ìdáná àti ọmọ ilé ìwé ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í ṣe ẹni tó ń ṣeré ìdárayá. Iwájú, níbi tí iná wà, tí olùtajà lè máa rí i, ni kí ẹ fi í sí.

Àwọn ibì kan wà tí ìṣírò yìí kò dé. Àárín ìlú gan-an ti wà láìní òfin iye ọkọ̀ tipẹ́, nígbà tó sì di 2019, ìgbìmọ̀ ìlú fi Midtown àti apá ìlà-oòrùn àárín ìlú kún un. Bí ilẹ̀ yín bá wà létí ọ̀nà rélùwéè METRO, ẹ béèrè bóyá ó bọ́ sí abẹ́ òfin 2020 tó dín iye ọkọ̀ kù níbẹ̀.

Ìlà tó bá gba àárín ibi ìgbọ́kọ̀sí kọjá tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ta ló ni ẹnu ọ̀nà? Ṣé oníbàárà ilé oúnjẹ lè gba iwájú ilé ìtajà jáde? Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn pé ilẹ̀ méjèèjì yóò jọ máa lo ẹnu ọ̀nà àti ààyè ọkọ̀ kan náà, kí ó sọ ẹni tí yóò máa tún ọ̀dà da àti ẹni tí yóò máa san owó iná. Kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì County Clerk, kí ó lè máa bá ilẹ̀ lọ bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Àdéhùn ẹnu láàárín ọ̀rẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́dún márùn-ún sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ra irú ilẹ̀ báyìí lè jàǹfààní níbẹ̀: ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ti ọ́fíìsì pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, òfin sì fàyè gba kí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ jọ pín ààyè bí ẹ bá fi ìwé bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọ̀nà tó wà níwájú: ọkọ̀, ẹlẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́

Ìlú ní àwòrán tó ń fi bí ọ̀nà ńlá kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fẹ̀ tó lọ́jọ́ iwájú hàn. Bí àwòrán náà bá sọ pé 100 ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀nà yín yẹ kó jẹ́, tí ó sì jẹ́ 80 báyìí, ó ṣeé ṣe kí plat yín fi 10 sílẹ̀ fún ìlú láti ẹ̀gbẹ́ tiyín. Láti ibi ààlà tuntun yẹn ni wọ́n ti ń wọn 25 ẹsẹ̀ bàtà tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ọ̀nà ńlá. Àwọn tó ka ààyè ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó wo àwòrán yìí tún ní láti padà kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Houston Bike Plan tí ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2017, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà tàbí ó ń bọ̀ níwájú ilẹ̀ yín. Bí ilẹ̀ yín bá súnmọ́ odò bíi Brays Bayou, ẹ wo ẹ̀yìn náà, nítorí láti ìgbà tí àwọn ará ìlú ti dìbò fún owó ọgbà ní 2012 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá àwọn odò, èyí tí wọ́n pète pé kó tó máìlì 150. Tí ilé ìtajà bá lẹ́nu ọ̀nà sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, oníbàárà ni ọ̀nà náà ń kó bọ̀.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń pinnu ibi tí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yóò wà. Bí ẹ bá pín ilẹ̀ sí méjì, tí oníkálukú sì ní òun fẹ́ ẹnu ọ̀nà tòun, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ yóò máa gé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá. Àwọn ẹnjiníà ìlú kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ ẹ. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà kan sórí ààlà, kí ilẹ̀ méjèèjì jọ máa lò ó. Ẹ tún fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sínú ìṣírò yín, kí ẹ sì rántí igi: òfin ìlú fẹ́ igi kan fún 30 ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀nà.

Omi

Ẹni tó wà ní Houston nígbà ìjì Harvey àti àkúnya omi rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2017 kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2018, ilé tuntun tó bá wà níbi tí omi lè dé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ibi tí àkúnya omi irú èyí tí wọ́n ṣírò sí ẹ̀ẹ̀kan ní 500 ọdún lè dé lọ. Ẹnjiníà yín yóò sọ bóyá ẹ nílò kòtò tí omi òjò yóò máa dúró sí. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò jẹ, ilẹ̀ náà sì lè jẹ́ ààyè ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìlú pẹ̀lú bóyá páìpù omi ẹ̀gbin àdúgbò náà lè gba ilé oúnjẹ kún un.

Ìwé dé iwájú ìlú

Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ tó gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí Texas láti ya plat. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà fi í ránṣẹ́, lórí ètò ìlú tí wọ́n ń pè ní PlatTracker. Class I àti Class II wà fún èyí tí kò la ọ̀nà tuntun. Class III, tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ni ti àwọn tó díjú.

Planning Commission, ìgbìmọ̀ ìlú tó ń fọwọ́ sí plat, ni yóò dájọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé wá sọ̀rọ̀. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ tiyín tó pé, ẹ ó rí irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè. Òfin Texas fún wọn ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Bí wọn kò bá fèsì, plat náà ti gba àṣẹ nìyẹn. Láti 2019, bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n so ó mọ́ nǹkan kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tọ́ka sí òfin tó gbé e. Bí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ dá a padà, ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Nítorí náà, ẹ má gba "kò tíì dáa tó" láìsí òfin lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ojú ìwé tó wà.

Bí ohun kan bá wà tí ilẹ̀ yín kò lè ṣe, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún variance, ìyẹn àṣẹ láti yà kúrò nínú òfin kan, bóyá lórí ìwọ̀n ni tàbí lórí iye ọkọ̀. Wọ́n á ri pátákó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí àdúgbò lè rí i. Kí ẹ sọ pé owó yóò pọ̀ jù kò tó. Ẹ fi hàn pé bí ilẹ̀ náà ṣe rí ló fa ìṣòro, pé ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀. Ẹni tó ti ta igun ilẹ̀ rẹ̀ kó tó wá sọ pé ààyè ọkọ̀ kò tó mọ́, òun ló dá a sílẹ̀.

Títà àti owó orí

Bí gbogbo ọwọ́ bá ti wà lórí plat, Harris County ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Wọn kò ní gbà á bí ẹ kò bá mú ẹ̀rí wá pé ẹ kò jẹ owó orí ilẹ̀ kankan. Kí ó tó wọ ìwé yẹn, òfin kò gbà yín láyè láti fi nọ́ńbà lọ́ọ̀tì tuntun ta ilẹ̀, àfi bí àdéhùn yín bá sọ ní kedere pé ó di ìgbà tí plat bá wọlé kó tó múlẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti kọsẹ̀ nìyẹn: ìwé tó fọwọ́ sí kò ní gbólóhùn yẹn nínú.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni Texas fi ń wo ẹni tó ni ilẹ̀ fún owó orí ọdún. Bí ẹ bá pín ilẹ̀ láàárín ọdún, ó ṣeé ṣe kí ìwé owó orí ọdún yẹn ṣì dé bí ilẹ̀ kan ṣoṣo, lórúkọ yín. Ẹ kọ ìpín tí ẹni tó ra igun yóò san sínú àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.